Ọwọ́ Òsì Nínú Ihò Ẹ́ńjìnnì

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò mọ eré í sá, àgbà ló bí i. Mo fẹ́ sọ fún yín nípa ọkọ̀ akẹ́rù kan tí imú rẹ̀ kúrú, nípa bóòtù onírin kan tí kò tóbi ju èékánná lọ, àti nípa ọ̀wọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Bí mo ṣe dé ìhín kò lẹ́jọ́ nínú. Bàálù gbé mi, bàálù sọ̀ mí kalẹ̀. Ohun tí ojú rí lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ló lọ́rọ̀ nínú. Ìpínlẹ̀ Mérílàǹdì ni, ní àgbègbè Prince George's tí àwa ọmọ Nàìjíríà ibí ń pè ní PG, nígbà tí ẹgbẹ̀rúndún tuntun yìí ṣì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní Ìbàdàn kí n tó wá. Irun orí mi ti ń funfun. Àgbàlagbà tó ṣí lọ sí ìlú onílùú, bí igi tí wọ́n lọ́ gbìn síbòmíràn ni. Ó máa ń pẹ́ kí ewé rẹ̀ tó dẹ́kun rírọ.

Adelphi ni mo kọ́kọ́ gbé, nínú yàrá kan ní ilé alájà. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, kì í ṣe òtútù. Mo ń gbọ́ ìró bàtà ẹni tó ń gbé lókè orí mi, n kò mọ ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń tètè jí, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n bí a bá pàdé lójú àtẹ̀gùn, n kò lè dá a mọ̀. Mo wá ń kí i láti orí ibùsùn mi: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹlẹ́sẹ̀ wúwo.” Kò dáhùn rí, ṣùgbọ́n mo ti kí èèyàn, ọjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú la máa ń pe ilé. Káàdì ìpè ni, tí èèyàn máa fi èékánná ha kó tó rí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ìgbà tí kì í gé mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ìyàwó mi, Ìyá Bísí, wá mọ ọgbọ́n tó ń dá sí i: ọ̀rọ̀ pàtàkì ló máa kọ́kọ́ sọ, ìkíni á wá kẹ́yìn. “Bísí ti bímọ, akọ ni, òun àti ọmọ wà dáadáa. Ó yá, ẹ káàsán, Bàbá Bísí, ṣé ara le?” Yorùbá wo ló ń fi ìkíni kẹ́yìn ọ̀rọ̀? Káàdì ló kọ́ wa.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ni gbígbé àga àti tábìlì lọ sí ilé àwọn tó bá rà á. Ní ọjọ́ kan, a gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí Kettering, sí òpópónà kan tí àwọn ilé ibẹ̀ ga, tí koríko wọn dọ́gba bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ń dán. Ẹsẹ̀ náà kò mira. Mo sáré lọ, mo di kókósẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ jáde.

Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú jáde, òróró ọkọ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

“Kí ni mo ṣe fún ọ?” Ohun tó bi mí nìyẹn.

“Ṣé ọkọ̀ kò tẹ̀ yín?”

“Òróró ni mo ń pààrọ̀.”

Ẹni tí a jọ ń gbé ẹrù rẹ́rìn-ín títí a fi kúrò níbẹ̀. Ó ní dókítà eyín ni ọkùnrin náà, òun ló ni ilé gogoro yẹn. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nílé, olówó ọkọ̀ máa ń dúró ni, ó máa káwọ́ sẹ́yìn, mẹkáníìkì ló ń dùbúlẹ̀. Kí dókítà sùn gbalaja sílẹ̀ níwájú ilé ara rẹ̀, kí aládùúgbò máa kọjá, kí ojú má sì tì í, ó rú mi lójú. Mo rò ó títí di alẹ́, bóyá ilẹ̀ tí èèyàn bá lè dùbúlẹ̀ lé láìtijú ni ilẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo rí iṣẹ́ búrẹ́dì. Ilé búrẹ́dì kan ń wá ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀, tí yóò máa gbé búrẹ́dì káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Mo ra ọkọ̀ àlòkù kan, funfun, tí ìpẹtà ti ń jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo sì kó lọ sí Glenn Dale, sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé kan tí èmi àti Gbọ́láhàn jọ gbà.

Gbọ́láhàn, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn bí igi tí a fi ń ká ọsàn. Ẹ̀kọ́ ilé ọmọkùnrin náà pọ̀ ju ààyè tí a ní lọ. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà tí yìnyín bọ́ tí a pàdé níta, ó dọ̀bálẹ̀ sórí yìnyín, ó sì yọ̀ títí dé ẹsẹ̀ táyà.

“Gbọ́láhàn, o lè máa kí mi lóòró.”

“Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi á mọ̀.”

“Bàbá rẹ tó wà ní Ìṣẹ́yìn?”

“Wọ́n á mọ̀, sà.”

Ọjọ́ Ẹtì kan, bí mo ṣe ń ti Lanham bọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo tẹ iná, kò lọ. Ó ń ṣe hẹ̀, hẹ̀, bí ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ikọ́ àyà. Agbára káká ni mo fi dé ilé. Mo pe máníjà ilé búrẹ́dì.

“Bàbá,” ló wí, mo ń tú u sí Yorùbá fún yín ni o, “mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n búrẹ́dì kì í dúró de èèyàn. Bí ọkọ̀ rẹ kò bá dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn ni màá gbé ọ̀nà yẹn fún.”

Kì í ṣe oúnjẹ ẹnu mi nìkan ló wà nínú iṣẹ́ yẹn. Ìwé ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fúnni láṣẹ ìwọ̀lú, wọ́n sì fẹ́ rí i pé ọkọ tó ń pè é wá ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ọ̀nà búrẹ́dì bá bọ́, ìwé rẹ̀ á jókòó síbi tó wà, òun náà á jókòó sí Ìbàdàn. Mo pe mẹkáníìkì tó wà nítòsí, mo pe ti ọ̀nà jíjìn. Ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ: ó di àárín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” Gbọ́láhàn wí, “a máa tún un ṣe fúnra wa.”

“Àwa wo?”

“Àwa yìí náà.”

“Ìwọ tí o ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́?”

“Ara èèyàn le ju ara ọkọ̀ lọ, sà. Ara èèyàn kò ní bóòtù tí a lè tú.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ̀ ayé àtijọ́, ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn, ó lè gbé àga sínú rẹ̀ kó jókòó ti ẹ́ńjìnnì. Ti ọkọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Irin gbá irin mọ́ra. Ọwọ́ ò wọlé, ojú ò wọlé. Iwájú ẹ́ńjìnnì nìkan la rí, ìyókù ti wọnú ọkọ̀ lọ.

Màmá Loretta, opó tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà, ti ń wò wá láti orí àga rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi àpótí irinṣẹ́ pupa kan sílẹ̀ fún un, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe, nítorí kò fẹ́ràn kí ó máa dúró de ẹnikẹ́ni. Ó rìn wá, ó yọjú wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mirí.

“Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí,” ló wí, “ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ó wá kọ́ ọkọ̀ yí i ká. Iwájú kọ́ ni ẹ máa gbà. Ẹ lọ wo àárín àga méjèèjì.”

Lóòótọ́, ìdérí ńlá kan wà láàárín àga awakọ̀ àti àga ẹnìkejì, tí mo ti ń gbé ife tíì lé láti ọjọ́ yìí. A tú u. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì fara pamọ́ sí. Ihò mẹ́jọ ló wà lára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, púlọ́ọ̀gì kan tó ń tanná sí epo jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá bí ẹni tó wà nínú kànga; kọ́ìlì tó ń fún un níná ló dé e lórí, bóòtù kékeré kan ló sì de kọ́ìlì náà mọ́lẹ̀. Màmá Loretta fi iná tọ́ọ̀ṣì hàn wá: omi òjò ti jò sórí èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, kọ́ìlì rẹ̀ ti sán. Ó gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a ra kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì tuntun, ó sì padà sílé rẹ̀ lọ gbé oúnjẹ kaná.

Èmi kúnlẹ̀ ní apá awakọ̀, Gbọ́láhàn kúnlẹ̀ ní apá kejì, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Apá tirẹ̀ ni ihò náà wà, bí ọkọ̀ sì ṣe rí, ọwọ́ òsì nìkan ló lè wọbẹ̀. Ọ̀tún rẹ̀ ti há sẹ́yìn àga. Ó yọ kọ́ìlì tó sán, ó yọ púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó tún ní kí òun tú kọ́ìlì tó tẹ̀ lé e wò. Ó tú bóòtù rẹ̀, ó fi ìka méjì mú un sókè. Mo na ọwọ́.

“Gbé e fún mi.”

Kò gbé e. Mo rí i tó ń lọ́ ara rẹ̀ bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ń jà láti jáde. Ó ń gbìyànjú láti mú bóòtù láti ọwọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún kó tó fún mi. Òróró wà níka rẹ̀. Bóòtù yọ̀. Ó ta mọ́ irin lẹ́ẹ̀kan, ó ta lẹ́ẹ̀kejì, ó wá dákẹ́.

Inú ihò tó ṣí sílẹ̀ ló kó sí.

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò sí ààyè. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Kí ló dé tí o ń pààrọ̀ ọwọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, òsì ló wà níbẹ̀.”

“Àní kí ló dé?”

“Ṣé kí n wá fi ọwọ́ òsì fún yín ni?”

N kò mọ̀ bóyá kí n bá a wí ni tàbí kí n súre fún un. Ilé tó ti wá ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ilé kan náà sì ni èmi ti wá. Bí ó bá fi òsì nà án sí mi ní Ìṣẹ́yìn, èmi gan-an ni mo máa kọ́kọ́ bi í pé ta ló bí i.

A ké sí Màmá Loretta. Ó dé pẹ̀lú ṣíbí ìrobẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó fi sínú àpò ara rẹ̀.

“Bí ẹnikẹ́ni bá fi kọ́kọ́rọ́ ṣíná sí ọkọ̀ yìí tí bóòtù náà ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ ti sin ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ihò tó bá ṣí, ẹ máa ń fi aṣọ dí i. Ẹ dúró, ọkọ mi ní òòfà kan tó ń fa irin, mo ń lọ wá a.”

Mo wọlé lọ fọ ọwọ́. Mo rí káàdì ìpè lórí tábìlì, mo bá pe ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú kọ́.

“Ta ló kú?” Ìyá Bísí bèèrè.

“Kò sẹ́ni tó kú. Ọkọ̀ ló bàjẹ́, à ń tún un ṣe.”

“Ẹ̀yin àti ta?”

“Èmi àti Gbọ́láhàn.”

“Bàbá Bísí, ẹ̀yin tí mo ń bá yọ egungun ẹja?”

Mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún un, mo sọ ohun tí máníjà wí. Mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀, adìẹ ilé wa.

“Tí kò bá bọ́ sí i,” ló wí, “ẹ máa bọ̀. Yàrá yín ṣì wà bẹ́ẹ̀.”

Káàdì gé. Mo dúró ti fóònù. Ilé wà tí mo lè padà sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ ní PG kò ní in. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni àwọn ṣọ́ọ̀bù mi, pé ta ni yóò máa rántí pé obìnrin tó wà nítòsí ilé epo fẹ́ràn búrẹ́dì tó pọ́n. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé gbòǹgbò ti ń ta nínú ilẹ̀ láìsọ fún mi. Èmi kò fẹ́ lọ mọ́. Èmi fẹ́ kí Ìyá Bísí wá.

Nígbà tí mo jáde, Màmá Loretta ti dé pẹ̀lú òòfà kékeré kan tó wà lórí wáyà gígùn tó ṣeé tẹ̀. Ó ní bóòtù náà wà ní ìsàlẹ̀, lórí písítìnnì tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Bí a bá fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú, díẹ̀díẹ̀, písítìnnì á gbé bóòtù sókè súnmọ́ wa. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti ga tó? Mo rántí ìgbálẹ̀ tí Ìyá Bísí kì sínú ẹrù mi. Mo fa ẹyọ kan yọ, mo tì í bọ inú ihò. Màmá Loretta wò ó.

“Kí nìyẹn?”

“Ìgbálẹ̀ ilé wa ni.”

“Ó dára,” ló wí, kò bèèrè mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo pe Gbọ́láhàn.

“Fetí sílẹ̀. Lóde, ìwọ ni ọmọ Ìṣẹ́yìn, èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Níbi ẹ́ńjìnnì, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Ọwọ́ tó bá lè wọlé ni kó wọlé, ọwọ́ tó bá lè gbà ni kó gbà.”

“Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi á...”

“Bàbá rẹ kò sí nínú ẹ́ńjìnnì yìí.”

Màmá Loretta bèèrè ohun tí à ń fà. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó ní ìyá ìyá òun náà máa ń so ọwọ́ òsì àbúrò òun mọ́ ìdí àga bí wọ́n bá ń jẹun, òun kò mọ ibi tí wọ́n ti kó àṣà náà wá. Mo wojú rẹ̀. Mo rò pé mo mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Gbọ́láhàn lọ sùn sábẹ́ ọkọ̀ níwájú, ó ń fi sípánà ńlá yí ẹ́ńjìnnì. Màmá Loretta mú tọ́ọ̀ṣì. Èmi bọ́ sí apá kejì, mo ki ọwọ́ òsì mi bọ ibẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, bí ohun ọ̀gbìn tó ń hù lójú ẹni.

“Dúró!” ni Màmá Loretta wí nígbà tó rí i pé kò gòkè mọ́.

Mo fa ìgbálẹ̀ yọ, mo ti òòfà bọ̀ ọ́. Mo ń wá a bí ẹni tó ń fi ìka wá abẹ́rẹ́ nínú ẹní. Nǹkan ta mọ́ ọn, tẹ̀. Mo fà á bọ̀, ó ja bọ́. Mo tún wá a. Tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò mí. Mo fà á títí ó fi yọ orí sí ẹnu ihò, mo wá rí i pé kò sí bí mo ṣe máa yí ọwọ́ mi jáde kó má tún fara gbún irin kó bọ́ padà.

“Gbọ́láhàn, bọ́ síbí.”

Ó ti jáde lábẹ́ ọkọ̀ kí n tó pè é tán. Láti ẹ̀gbẹ́ àga tó dúró sí, òsì rẹ̀ nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ mi. Òsì tèmi ló mú wáyà. Mo rí ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ̀ ń tọ́ níbí kò lè mọ ohun tó wà ní ojú yẹn.

“Gbà á, ọmọ mi.”

Ó na ọwọ́ òsì, ó gbà á lọ́wọ́ òsì mi.

Nígbà tó jáde sórí koríko, ó fi bóòtù sínú ife, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Ó yẹ fún un.

A dí ihò pẹ̀lú aṣọ títí ó fi kan púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì tuntun, a sì parí ìyókù pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí oòrùn ti rọ̀, Màmá Loretta yọ kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò rẹ̀. Ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Kò hẹ̀, kò gbọ̀n. Mo ra káàdì mìíràn, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì.

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ?”

“Ó ń dún bí ẹni tó jẹun yó,” Ìyá Bísí wí. “Egungun ẹja ti kúrò.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì kí máníjà tó dé. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ta ló bá ọ tún un ṣe?” Mo ní àwa ará ilé ni. Mo gbé búrẹ́dì, mo lọ. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ń rántí rẹ̀ bí ọjọ́ ìsinmi.

Ìwé rìn. Nígbà ẹ̀rùn ọdún kejì, mo lọ pàdé Ìyá Bísí ní pápákọ̀ òfúrufú, nínú ọkọ̀ kan náà. Ó kọ́kọ́ sọ ìkíni, ó sọ ọ́ tán pátápátá, ó bèèrè gbogbo ara ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó gé e mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó ti pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Ìpẹtà jẹ ara ọkọ̀ náà tán, àwọn tó ń ra irin ló gbé e lọ. Kí wọ́n tó gbé e, Gbọ́láhàn tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jáde, òun ló jogún rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tirẹ̀ ní Bowie. Màmá Loretta kó lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Gúúsù. Àpótí pupa náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọjá òpópónà, ó gbé e síwájú ìyàwó mi, ó ní obìnrin ni kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí orúnkún mi kọ̀ láti máa gun ọkọ̀, Ìyá Bísí ló gba ọ̀nà búrẹ́dì. Máníjà kò mọ orúkọ mi mọ́, tirẹ̀ ló mọ̀. Òun ló ń jáde láàárọ̀, òun ló sì ń tún ọkọ̀ kejì tí a rà ṣe.

Èmi ni mo jogún ilé ìdáná. Mo ń yọ egungun ẹja dè é.